Ṣé DFS Replication, ètò Windows tó ń da fáìlì kọ láti sáfà kan sí òmíràn, lè rọ́pò bákúpù fún fáìlì tó wà lórí sáfà méjì?

Rárá, kò lè rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tí Microsoft dá DFS Replication sílẹ̀ fún, láti ìgbà Windows Server 2003 R2, ni kí ohun tó wà lórí sáfà kan bá ti èkejì dọ́gba. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa fọ́dà kan rẹ́ níhìn-ín, yóò pa rẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú, fáìlì tí fáírọ́ọ̀sì bá sì bà jẹ́ yóò bàjẹ́ níbi méjèèjì.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti ẹni méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan, nítorí pé ètò yìí kì í ti fáìlì mọ́ ẹni tó wà lórí sáfà kejì. Bí akọ̀wé kan bá ṣí ìwé owó oṣù lórí sáfà àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn sì ṣí i lórí èkejì, iṣẹ́ ẹni tó fi pamọ́ gbẹ̀yìn ni yóò dúró. Tẹnìkejì yóò bọ́ sínú fọ́dà ConflictAndDeleted láìsí ìkìlọ̀ kankan fún un, bẹ́ẹ̀ fọ́dà náà ní ìwọ̀n, bó bá sì ti ń kún ni àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀ ń pa rẹ́.

Fáìlì tí a fi EFS, ètò Windows tó ń sọ fáìlì di àṣírí, dáàbò bò kì í lọ sórí sáfà kejì rárá. Láti Windows Server 2012, sáfà tí kò bá bá èkejì sọ̀rọ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ 60 lọ, DFS Replication yóò dá iṣẹ́ dúró lórí fọ́dà tí wọ́n jọ ń pín. Ẹ ní bákúpù ọ̀tọ̀.