Èsì: Ṣé ọkọ̀ ojú omi kan náà ni Robin àti Maria?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Robin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni Maria tó ń kó ẹrù ní Sípéènì, àti ìdí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi yí padà. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní Bow Creek, Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti kàn án ní 1890. Dundee, ní Skọ́tíláǹdì, ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì àti bọ́ílà (ìkòkò ńlá tó ń se omi di ooru) sí i. Ní 1900 wọ́n tà á fún àwọn ará Bilbao ní Sípéènì, ó di Maria. Olówó rẹ̀ yí padà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, orúkọ kò yí. Ní 1974, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gé e fún irin àlòkù, Maritime Trust, àjọ Bìrìtìkó tó ń dáàbò bo àwọn ọkọ̀ àtijọ́, rà á, wọ́n sì dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un.

Ti ẹ́ńjìnnì: sìlíńdà (àgbá irin tí ooru omi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) mẹ́ta ló ní. Ooru omi á kọ́kọ́ wọ èyí tó kéré jù, á bọ́ sí ti àárín, á parí sí èyí tó tóbi jù, torí pé bí agbára rẹ̀ ṣe ń dínkù ló ń fẹ̀ sí i. Jẹ́jẹ́ ló ń yí, kì í tètè gbó. Èédú tó ń jó nìkan ni wọ́n fi epo rọ́pò. Ní tèmi, ara ọkọ̀ gan-an ni ìṣòro: ìpẹtà ti jẹ irin rẹ̀ débi pé orí páńtúùnù (pèpéle ńlá tó ń léfòó lójú omi) ló jókòó sí báyìí.

Tí ẹ bá ń tọpa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀lé orúkọ. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Bìrìtìkó kì í yí padà lábẹ́ àsíá wọn, àmọ́ ó máa ń dópin tí wọ́n bá tà á sílẹ̀ òkèèrè. Látibẹ̀ lọ, ẹ fi ọdún tí wọ́n kàn án, gígùn rẹ̀ àti ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì wá a nínú Lloyd's Register, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ojú omi.