Ẹ Bi Wá: Fíìmù Tó Ń Fi Àwọn Olórí Ayé Ṣẹ̀fẹ̀, Ṣé Ọmọdé Lè Wò Ó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọdún 12, ọdún 9 àti ọdún 6. Àbúrò ọkọ mi gba fíìmù kan sínú fúláàṣì, ó ní àwọn ọmọlangidi ló ń ṣe ọlọ́pàá gbogbo àgbáyé níbẹ̀, wọ́n sì ń fi olórí Kòríà Àríwá ṣe yẹ̀yẹ́. Láti Sátidé ni àkọ́bí mi ti ń bẹ̀ mí. Bàbá wọn ní nígbà tó ti jẹ́ ọmọlangidi, kí ló kù? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wò ó? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Sábó, Ìkòròdú

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wò ó, Ìyá wa. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, *Team America: World Police* ni, ọdún 2004 ló jáde. Òótọ́ ni pé ọmọlangidi ni gbogbo òṣèré inú rẹ̀, ẹ máa rí okùn tí wọ́n fi ń fà wọ́n gan-an. Àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Àmì ọjọ́ orí R ni Amẹ́ríkà fún un, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 17 kò gbọdọ̀ wọ sinimá lọ wò ó àfi kí òbí tàbí alágbàtọ́ tẹ̀ lé e. Ní Ìlú Ọba, 15 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọlangidi yẹn ń bá ara wọn lò pọ̀ lójú fíìmù, ọ̀rọ̀ rírùn ń jáde lẹ́nu wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn níbẹ̀.

Ìrísí ló ń tan òbí jẹ. Kátúùnù àti ọmọlangidi ti di ti ọmọdé lójú wa, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi ṣe fíìmù kò sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Fúláàṣì tún ń dá kún un. Bí wọ́n bá ti da fíìmù sínú rẹ̀, àmì ọjọ́ orí kì í bá a wọlé. Orúkọ nìkan ló ń kù, orúkọ náà kì í sì í sábà pé. Ẹ lè rí fáìlì tí wọ́n kọ “dictator full HD” sí. Èwo nìyẹn nínú fíìmù méjì tí orúkọ wọn jọra? Charlie Chaplin ṣe *The Great Dictator* lọ́dún 1940, òbí lè bá ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀ wò ó. Sacha Baron Cohen ṣe *The Dictator* lọ́dún 2012. R ni Amẹ́ríkà fún ìyẹn, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀.

Nítorí náà, orúkọ pẹ̀lú ọdún ni kí ẹ fi wá fíìmù lórí fóònù kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá rí R, 15, 16+ tàbí 18 lára rẹ̀, kò sí àròyé mọ́ fún àwọn ọmọ tiyín. Bó bá jẹ́ PG-13, àmì Amẹ́ríkà tó ń kìlọ̀ fún òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ kọ́kọ́ dá a wò látòkè délẹ̀. Ẹ tan àkọsílẹ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù bí ẹ bá ń wò ó, torí pé èébú máa ń yára bọ́ lẹ́nu àwọn òṣèré wọ̀nyí, etí tiyín lè má gbá a mú. Ti ọmọdé á gbá a mú. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ìpolówó oníṣẹ́jú méjì: tolórí tẹlẹ́mù ni wọ́n ń fi ìpolówó hàn, wọ́n ti ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àkọ́bí yín. Ọmọ ọdún 12 tí wọ́n bá kàn sọ “rárá” fún á lọ wò ó lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọdún 13, ń kọ́ nípa Hitler àti ogun àgbáyé kejì. Ó fẹ́ wo fíìmù Chaplin yẹn. Ṣé ó bójú mu? Ṣé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 lè jókòó tì í? — Bàbá kan, Ìjẹ̀dẹ̀

Ó bójú mu fún ọmọ ọdún 13, bí ẹ bá jókòó tì í. Ti ọmọ ọdún 8, ibi méjì péré ni kí ẹ fi hàn án.

Nígbà tí fíìmù náà jáde lọ́dún 1940, Hitler ṣì wà lórí oyè, Amẹ́ríkà kò sì tíì wọ ogun. Chaplin kò pe Hitler ní Hitler. Ó pe apàṣẹwàá inú fíìmù náà ní Hynkel, ó pe ìlú rẹ̀ ní Tomainia, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe Hynkel, tó tún ṣe bábà kan, Júù, tí ojú rẹ̀ jọ ti Hynkel.

Ibi àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré lè wò ni ibi tí Hynkel ti dá wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó gbé àwòrán ayé, tó jẹ́ bàlúùnù ńlá, sókè. Ó ń fi ọwọ́ gbé e, ó ń fi orí kàn án, ó ń fi ìdí tì í sókè, ó ń jó bí ẹni tí wọ́n fi ìyàwó tuntun lé lọ́wọ́. Ló bá gbá a mọ́ra, bàlúùnù bá bẹ́ mọ́ ọn lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìkejì ni ibi tí òun àti Napaloni, tí wọ́n fi ṣe Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì nígbà náà, ti jókòó sórí àga bábà. Bí èyí bá yí àga tirẹ̀ ga, ìyẹn á yí tirẹ̀ ga jù ú, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnì kejì ga ju òun lọ. Ọmọ ọdún 8 tó bá ti bá àbúrò rẹ̀ jà lórí àga iwájú nínú ọkọ̀ á mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣàlàyé.

Ohun tí kò yẹ kó wò ni ibi tí àwọn sójà Hynkel ti ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù, tí wọ́n sì fẹ́ so bábà náà rọ̀ mọ́ òpó iná. Àwàdà ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: ọmọ kékeré á rẹ́rìn-ín, kò sì ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èèyàn gidi. Chaplin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ lọ́dún 1964 pé ká ní òun ti mọ gbogbo láabi tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni Jámánì, òun kì bá tí lè ṣe fíìmù náà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ yín obìnrin kó tó wò ó.

Ohun mìíràn tó máa ń dà rú: Hynkel ń sọ èdè kan tí kò ní ìtumọ̀, tó dún bí èdè Jámánì, tó dà bí ẹni tó ń wúkọ́. Ọmọdé á fẹ́ràn rẹ̀, á máa sín in jẹ. Bí ẹ ò bá dá a dúró níbẹ̀, ohun tó máa mú lọ ni pé èdè ẹlòmíràn jẹ́ nǹkan ẹ̀rín, á sì gbé e dé kíláàsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, sórí ọmọ Ògù tàbí ọmọ Haúsá tó jókòó tì í. Ẹ bi í léèrè: ta ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí? Kí ló ṣe? Ta ló ń jìyà ohun tó ṣe? Bí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kejì, kò tíì tó fíìmù yẹn í wò, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó.

Fíìmù náà lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé ìparí ni ọ̀rọ̀ wà: wọ́n ṣi bábà náà mú fún Hynkel, ó dé iwájú makirofóònù, ó sì bá aráyé sọ̀rọ̀ láìsí àwàdà kankan mọ́. Ọmọ tí iná bá lọ mọ́ lọ́wọ́ ní ìdajì, yẹ̀yẹ́ nìkan ló gbé lọ sùn.

Àwọn àgbà ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ ayé ó gún. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi ààrẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi, wọ́n ní fíìmù làwọn ti rí i. Ṣé kò ní sọ wọ́n di aláìlẹ́kọ̀ọ́? — Ìyá àgbà, Ẹbúté

Ẹ kú ìtọ́jú wọn o, Ìyá. Fífi alágbára ṣẹ̀fẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ òyìnbó wá bá wa. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, ní òru tó ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dé, òṣèré olórin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á fi orin tú àṣírí ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa, bó ti wù kí onítọ̀hún lágbára tó, wọn kì í sì í fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. UNESCO ti kọ Gẹ̀lẹ̀dé mọ́ àwọn àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú lọ́dún 2008. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré *Yorùbá Ronú* jáde lọ́dún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, ọdún 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń dun àwọn.

Àmọ́ ẹ̀rù yín ní ìdí. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn ọmọ náà ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìrìn ààrẹ, ọjọ́ ogbó rẹ̀, bí ètè rẹ̀ ṣe rí, àbùkù ara nìyẹn, ẹ pè wọ́n sí àkíyèsí kíá, torí ọ̀rọ̀ náà á kàn yín lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ irọ́ tó pa tàbí owó tó kó jẹ, ìwà ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ọmọ tó mọ̀yàtọ̀ yẹn kò ní dọ̀bálẹ̀ fún yín tìkà-tẹ̀gbin láé.

Ilé-ìwé wa fẹ́ fi fíìmù irú èyí ṣeré fún JSS 1 dé JSS 3 ní ìparí táàmù. Netflix ọ̀gá wa la fẹ́ lò. — Olùkọ́, Àgríìkì

Netflix ọ̀gá yín, fún òun àti ará ilé rẹ̀ ni. Àdéhùn tó fọwọ́ sí kò gbà á láyè láti fi han gbọ̀ngàn. Fíìmù tí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ti yẹ̀ wò ni kí ẹ lò, kí àmì rẹ̀ sì jẹ́ G (ti gbogbo èèyàn) tàbí PG (kí òbí máa tọ́ ọmọ sọ́nà). Ọmọ tó kéré jù nínú gbọ̀ngàn ni kí ẹ fi díwọ̀n, ẹ má wo ti JSS 3. Ẹ kọ̀wé sí òbí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: orúkọ fíìmù, ọdún rẹ̀, àmì rẹ̀, bó ṣe gùn tó.

Èyí tí à bá fẹ́ jù ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà ṣe tiwọn. Ìkòròdú níbí ni Ikorodu Bois ti ń fi bárò àti ike ilé sín fíìmù ńláńlá jẹ, tí Netflix fi fi ohun èlò ìyàwòrán ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 2020. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà, eré ìṣẹ́jú márùn-ún, kí olórí àti ìlú rẹ̀ jẹ́ àfinúrò, kí eré náà dá lórí ohun kan ṣoṣo tí olórí náà ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi ohùn tàbí ara ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀, kí wọ́n tún un kọ.

Mo ti ti Netflix mọ́ àwọn ọmọ mi, síbẹ̀ wọ́n ń wo ti àgbàlagbà. Kí ni mo ṣì ṣe? — Bàbá ìbejì, Ẹbúté

Ó dà bíi pé tiwọn lẹ tì, ẹ fi tiyín sílẹ̀ gbayawu. Ẹ ṣí àkáǹtì náà lórí búráúsà, ẹ tẹ orúkọ ọmọ, ẹ wá Parental Controls tàbí Viewing Restrictions, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, ẹ mú ọjọ́ orí. Níbẹ̀ kan náà lẹ ti lè kọ orúkọ fíìmù kan pàtó tí ẹ ò fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí orúkọ tiyín, ẹ wá Profile Lock, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin tì í. Kó má jẹ́ ọdún tí wọ́n bí ìbejì. Bí ẹ bá ní DStv, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ 1234 tó bá a wá láti ilé ìtajà, torí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n.