Bí èjìká ajubọ́ọ̀lù bá bàjẹ́, ṣé ó lè fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Yunifásítì kan ní Texas ni ọmọ mi ọkùnrin wà, baseball ló sì fi gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òun ni pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú. Dókítà ní iṣan èjìká rẹ̀ ti ya, kò sì dájú pé yóò lè jù ú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní òun fẹ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ sọ pé ẹni tí kò bá dé líìgì àgbà (Major League, ìdíje baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà) kò lè rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó ọmọ, ìyá wa. Ọ̀nà tí ọmọ yín ń wò yẹn wà, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbà á kọjá, àmọ́ kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni òun fẹ́ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù tí mò ń kọ́ ni Mel Stottlemyre. Ọdún 1964 ló dé ẹgbẹ́ New York Yankees, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú World Series, àṣekágbá líìgì àgbà, kí ó kojú Bob Gibson, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ St. Louis. Kí ó tó fi pápá sílẹ̀, ìṣẹ́gun 164 ni wọ́n ti kọ sí orúkọ rẹ̀. Ní 1974, iṣan èjìká rẹ̀ ya, irú èyí tó ṣe ọmọ yín yìí, nígbà tí ìwòsàn irú rẹ̀ kò tíì dé ibi tó dé lónìí. Yankees dá a sílẹ̀ kí eré ọdún 1975 tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún 33 péré ni.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ọmọ yín fi ọkàn sí. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ Seattle Mariners ló ń lọ káàkiri láti 1977, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ìgbà tó di 1984 ni ẹgbẹ́ New York Mets gbà á láti máa kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn. Níbẹ̀ ló ti bá Dwight Gooden pàdé, ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù tó borí ní ìgbà 24 ní 1985, tó pàdánù ní ìgbà 4 péré. Mets gba World Series ní 1986. Stottlemyre sì ń kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù Yankees nígbà tí àwọn náà gbà á ní 1996, 1998, 1999 àti 2000. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ọdún tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, kò gba ife náà rí.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le ni pé ọ̀nà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi jù ú nígbà tirẹ̀ lè má wúlò fún ẹni tó ń kọ́. Bọ́ọ̀lù tó ń rì sísàlẹ̀ ni Stottlemyre gbẹ́kẹ̀ lé, kí alátakò lè gbá a mọ́lẹ̀. Agbára ni Gooden fi ń jù ú kọjá wọn. Títí dòní ni àwọn ènìyàn ń jiyàn bóyá ó dára bí Mets ṣe fẹ́ kí Gooden fi irú bọ́ọ̀lù mìíràn kún tirẹ̀ ní 1986. Ní tèmi, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́kọ́ wo ara ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fínnífínní kó tó yí ohunkóhun padà: ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ sí, ìgbà tí èjìká rẹ̀ ń yí, ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìdíje kan sí òmíràn ni iṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù, nítorí láti 2024, ìgbà mẹ́rin péré ni òfin líìgì àgbà gbà kí ẹgbẹ́ kan lọ bá ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú abala mẹ́sàn-án tí ìdíje kan ní, láìpààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, Leo Mazzone kò ju bọ́ọ̀lù rí ní líìgì àgbà. Síbẹ̀, láti 1990 títí di 2005, òun ló ń tọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù Atlanta Braves, títí kan Greg Maddux, Tom Glavine àti John Smoltz, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Hall of Fame báyìí, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn àgbà eléré baseball. Lónìí gan-an, àwọn ẹgbẹ́ ń gba ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí.

Nítorí náà, kí ó lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní yunifásítì nísinsìnyí, kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ajubọ́ọ̀lù yòókù, kí ó sì béèrè ní kíkọ sílẹ̀ ohun tí ìpalára yìí yóò ṣe sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀. Bí àyè bá wà, kí ó kọ́ nípa egungun àti iṣan ara, kí ó sì kọ́ èdè Sípáníìṣì, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù tí yóò bá pàdé ní àwọn líìgì kéékèèké, Dominican Republic àti Venezuela ni wọ́n ti wá. Owó iṣẹ́ náà kì í tó nǹkan níbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ èyí. Ní oṣù January ọdọọdún, American Baseball Coaches Association, ẹgbẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá baseball, máa ń ṣe ìpàdé ńlá tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ti ń rí ara wọn. Kí ó gbìyànjú láti wà níbẹ̀ kí ó tó jáde ní yunifásítì. Ìtọ́jú èjìká náà kò gbọ́dọ̀ dúró ní tirẹ̀, kí dókítà mìíràn tó mọ̀ nípa eléré ìdárayá sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pinnu pé òun kò ní jù ú mọ́.