Níbo ni lẹ́tà báńkì ìjọba Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ wọlé sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ka ìmọ̀ ìtàn fún oyè másítáàsì ní Philadelphia. Ohun tí mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí ni bí báńkì tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1791 àti àwọn òṣìṣẹ́ Ìṣúra, ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó ìjọba, ṣe ń kọ̀wé síra wọn. Mo ti wá fáìlì báńkì náà títí, ohun tí mo rí kò tó nǹkan. Nínú ìwọ̀nba tí mo rí, ẹni tó ní kí wọ́n sanwó kọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìsanwó. Ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi fáìlì báńkì sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ ilé àkójọ ìwé tí mò ń ṣe ti kọ́ mi pé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ni èèyàn ti ń wá a. Nígbà náà, bí lẹ́tà bá fẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì, akọ̀wé á kọ́kọ́ fọwọ́ dà á kọ sínú ìwé ńlá kan. Lẹ́tà gan-an á lọ, ẹ̀dà rẹ̀ á kù nílé. Ẹ̀dà tó kù sí Ìṣúra yìí ni iná dé bá.

Ìdájí ọjọ́ 31 oṣù kẹta, 1833, ni ilé Ìṣúra ní Washington jóná. (Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dáná sun ún rí ní 1814.) Louis McLane tó jẹ́ Akọ̀wé Ìṣúra, ìyẹn mínísítà ètò ìnáwó wọn, wá kọ̀wé káàkiri sí àwọn ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù àti àwọn mìíràn pé kí wọ́n bá òun da gbogbo lẹ́tà Ìṣúra tó wà lọ́wọ́ wọn kọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí o bá wá rí lẹ́tà 1795 tó jẹ́ pé akọ̀wé 1833 ló dà á kọ, má pè é ní ayédèrú. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ni kí o ṣọ́ra fún, torí ẹni tó ń da lẹ́tà kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lè fo òdo kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá á sì di ẹgbẹ̀rún kan.

Kí o tó náwó ọkọ̀, ṣí Founders Online, ti ilé àkójọ ìwé ìjọba wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Tẹ “President and Directors of the Bank of the United States” síbẹ̀, lẹ́tà Alexander Hamilton, Akọ̀wé Ìṣúra àkọ́kọ́, sí báńkì á jáde. Ti Albert Gallatin, tó di Akọ̀wé Ìṣúra ní 1801, New-York Historical Society (tó ń jẹ́ The New York Historical báyìí) ni kí o ti wá a. Ohun tó kù lọ́wọ́ Ìṣúra fúnra rẹ̀ wà ní ẹ̀ka ilé àkójọ ìwé ìjọba ní College Park, Maryland, ní Record Group 56, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún àkójọ ìwé Ìṣúra.

Ní ti ìfọwọ́sí tó dà ọ́ lójú rú, òfin tó dá Ìṣúra sílẹ̀ ní 1789 ló fa ìyẹn. Hamilton kò láṣẹ láti fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Òun á fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìsanwó. Oliver Wolcott, ọ̀gá àwọn tó ń yẹ ìṣirò wò, á fọwọ́ tì í. Joseph Nourse, olùtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni Samuel Meredith tó jẹ́ akápò ìjọba á tó ní kí báńkì sanwó. Ní báńkì, John Kean, kaṣíà wọn, ni yóò gba ìwé náà. Torí náà, ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà Hamilton kọ́ ni ọjọ́ tí owó jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń ṣi èyí mú.

Má sì jẹ́ kí “ìránṣẹ́ yín onígbọràn” tí wọ́n fi ń parí lẹ́tà tàn ọ́ jẹ. Dọ́là mílíọ̀nù 10 ni owó ìdásílẹ̀ báńkì náà. Ìjọba ra ìpín mílíọ̀nù 2 nínú rẹ̀, ọwọ́ báńkì yìí kan náà ló sì ti yá owó tó fi rà á, pé òun á máa san 200,000 padà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá. Orúkọ ìjọba tó jẹ báńkì ní gbèsè ni Hamilton fi ń kọ lẹ́tà, òun náà ló sì tún ń ṣọ́ wọn: òfin ní ó lè béèrè ìṣirò wọn, àmọ́ kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó lè béèrè iye owó tó wà nílẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ báńkì àti iye owó bébà tó wà níta. Àkáǹtì aládàáni nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wò. Bí o bá ní èyí lọ́kàn, ìwà pẹ̀lẹ́ inú lẹ́tà wọn á yé ọ dáadáa.

Tí ìwádìí rẹ bá dé báńkì kejì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1816, wá lẹ́tà Samuel Ingham àti Nicholas Biddle, ààrẹ báńkì náà, ní 1829. Ingham tó jẹ́ Akọ̀wé Ìṣúra fi ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí Jeremiah Mason lọ́rùn ránṣẹ́ sí Biddle. Mason ni ọ̀gá ẹ̀ka báńkì ní ìlú Portsmouth, New Hampshire. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti ẹ̀yáwó ló wà lójú ìwé, òṣèlú ló wà nídìí rẹ̀, torí Mason kì í ṣe èèyàn Ààrẹ Jackson. Biddle lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní Mason kò jẹ̀bi, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín wọn. Washington, ní Library of Congress, ni ìwé Biddle wà. Àṣàyàn tí Reginald McGrane tẹ̀ jáde ní 1919 sì wà tí o lè fi bẹ̀rẹ̀.

Fún oyè másítáàsì, ọdún kan ti tó. Èmi á mú 1792, torí Hamilton yá owó lọ́wọ́ báńkì lọ́dún náà, ìdààmú ọjà ìpín sì wà nílẹ̀. Ya òpó mẹ́ta sínú ìwé rẹ: ọjọ́ tí wọ́n kọ lẹ́tà, ọjọ́ tí ìwé àṣẹ jáde, ọjọ́ tí akápò sanwó. Ibi tí àlàfo bá ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ ìbéèrè rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì mú un dání lọ sí College Park.