Èsì: Ihò síìtì ẹ́ńjìnnì tí kò bára mu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ ti pààrọ̀ síìtì ẹ́ńjìnnì (irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) apá òsì ọkọ̀ akẹ́rù yín, àmọ́ ihò apá ọ̀tún ò bá ti ṣáàsì, ìyẹn férémù irin ọkọ̀, mu mọ́. Ẹ dẹ bóòtù apá òsì padà. Ẹ ti fún un pa jù, ẹ́ńjìnnì ò ráyè yẹ̀.

Tó bá ti dẹ̀:

1. Ẹ fi pákó tó nípọn sórí jáàkì, kí ẹ fi gbé ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ súǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí irin jáàkì bá kan súǹpù lásán, á tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára fáànù. Bó bá ti ń sún mọ́ rédíétọ̀, ó tó.
2. Ẹ fọwọ́ ki gbogbo bóòtù, tọ̀tún tòsì, ẹ má tíì fún ìkankan.
3. Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì jókòó sórí rọ́bà, kí ẹ tó wá fún wọn.

Ẹ má ki ọwọ́ sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣáàsì nígbà tó bá wà lórí jáàkì. Ihò tó bá ń ṣagídí, irin ni kí ẹ fi wá a.

Gbogbo èyí ń ṣiṣẹ́ bí irin tó gbé síìtì dúró kò bá tíì tẹ̀ tàbí sán. Ọkọ̀ tó ti gbó ni, ẹ ha ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú wẹ́dà, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀.

Ẹ tún tẹ rọ́bà síìtì àtijọ́ tí ẹ tú yẹn wò. Bó bá wú, tó ń rọ̀ múlọ́múlọ́, ọ́ìlì ló ń jò sí i. Ẹ wá ibi tó ti ń jò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà ò ní pẹ́ bàjẹ́.