Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ fún Linux Kékeré Orí Bọ́ọ̀dù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ti to Linux kékeré kan pọ̀ pẹ̀lú BusyBox (àkójọ ohun èlò Linux kéékèèké nínú prógíráàmù kan ṣoṣo) sórí bọ́ọ̀dù tí yóò máa ka ìwọ̀n ooru, tí yóò sì máa fi í ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Kernel, ọkàn Linux, ń gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá tan bọ́ọ̀dù náà, èmi ni mo ń fi ọwọ́ so /proc (ibi tí kernel ti ń fi ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ hàn) mọ́ àyè rẹ̀, tí mo ń gbé nẹ́tíwọọ̀kì dìde, tí mo sì ń pe prógíráàmù mi. Nígbà tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú /etc/init.d/rcS, ìyẹn script (àkójọ àṣẹ) tí ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, terminal kò yọjú mọ́; bí prógíráàmù náà bá sì kú, kò sí ohun tí ń jí i. Báwo ni kí n ṣe tò ó? Níbo sì ni kí n fi fáìlì ìṣètò sí, tí kò fi ní bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yín ní ojútùú, ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ ya oríṣi iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. Iṣẹ́ kan wà tí ó ní ìparí: síso /proc mọ́ àyè rẹ̀, fífún bọ́ọ̀dù ní orúkọ, gbígbé nẹ́tíwọọ̀kì dìde. Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ parí níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà: prógíráàmù tí ń ka ooru, àti getty tí ń ṣọ́ terminal. Inú rcS ni àyè ti àkọ́kọ́, inú /etc/inittab sì ni àyè ti ìkejì. Ẹ̀yin fi ìkejì sí àyè àkọ́kọ́. Nítorí náà init, prógíráàmù àkọ́kọ́ tí kernel ń pè, jókòó, ó ń retí kí rcS parí kí ó tó ṣí terminal. RcS ń retí prógíráàmù yín. Prógíráàmù náà kò sì ní ìdí kankan láti parí. Àwọn kan a máa fi àmì & sí ìparí ìlà náà kí rcS lè máa bá tirẹ̀ lọ. Terminal yóò yọjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ìṣòro náà ṣì wà nílẹ̀, nítorí pé bí prógíráàmù bá kú, init kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún un pè.

Ó dára kí ẹ mọ bí kernel ṣe ń rí init fúnra rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ti ń kú kí script kankan tó ṣiṣẹ́. Bí a kò bá fi init= yan ohun kan pàtó lórí ìlà àṣẹ kernel, kernel yóò wá /sbin/init, lẹ́yìn rẹ̀ /etc/init, lẹ́yìn rẹ̀ /bin/init, àti ní ìkẹyìn /bin/sh. Bí kò bá rí èyíkéyìí tí ó ṣiṣẹ́, yóò kọ "No working init found", yóò sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá ń lo initramfs (àkójọ fáìlì tí a kó sínú mẹ́mọ́rì ní ìbẹ̀rẹ̀), /init ni ó ń wá, kì í ṣe /sbin/init. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ yìí gan-an. Èyí tí kernel bá rí ni yóò di iṣẹ́ nọ́ńbà 1, iṣẹ́ nọ́ńbà 1 kò sì gbọdọ̀ kú láéláé. Bí ó bá kú, kernel yóò kígbe "Attempted to kill init!", gbogbo nǹkan yóò sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí script lásán bá ni /init yín, ìlà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú exec, kí prógíráàmù tí ó bá pè lè gba ipò nọ́ńbà 1 lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú BusyBox, init kékeré kan wà tí ó tó fún iṣẹ́ yín. Láti ọdún 1995, nígbà tí Bruce Perens bẹ̀rẹ̀ BusyBox kí ohun èlò tí a fi ń gbé Debian kalẹ̀ lè gba inú floppy kan ṣoṣo, ibi tí àyè kò ti pọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. /etc/inittab ni init náà ń kà. Èyí ni mo dábàá fún yín, pẹ̀lú èrò pé kaooru ni orúkọ prógíráàmù yín:

```
::sysinit:/etc/init.d/rcS
ttyS0::respawn:/sbin/getty -L 115200 ttyS0 vt100
::respawn:/usr/sbin/kaooru-bere
::ctrlaltdel:/sbin/reboot
::shutdown:/bin/umount -a -r
```

Òpó mẹ́rin ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní, àmì kọ́lọ̀nù ló sì pín wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ init ti System V lè ṣì í kà níhìn-ín, nítorí pé òpó àkọ́kọ́ nínú ti BusyBox kì í ṣe orúkọ ìlà: terminal tí iṣẹ́ náà yóò lò ni. Òpó kejì wà lásán, BusyBox kì í wò ó rárá. Òpó kẹta sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, òpó kẹrin sì ni àṣẹ gan-an. Gbogbo ohun tí ó bá jẹ́ sysinit ni init máa kọ́kọ́ ṣe, tí yóò sì dúró títí yóò fi parí. Ẹ̀yìn náà ni wait (èyí tí init ń dúró dè), lẹ́yìn rẹ̀ once (èyí tí kì í dúró dè), kí ó tó kan respawn (èyí tí ó ń tún pè bí ó bá kú) àti askfirst (bíi respawn, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ kọ́kọ́ tẹ Enter). Nítorí náà, ibi tí ẹ kọ ìlà respawn sí nínú fáìlì náà kò lè mú kí ó ṣáájú rcS. Bí inittab kò bá sí rárá, init ní ètò tirẹ̀ tí yóò lò: yóò pe /etc/init.d/rcS, yóò sì ní kí ẹ tẹ Enter kí ó tó ṣí shell fún yín. Ó dùn ún lò nígbà tí ẹ ń dán iṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé bọ́ọ̀dù jáde bẹ́ẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá so wáyà mọ́ ọn yóò di root (ẹni tí ó ní gbogbo àṣẹ) láìsí ọ̀rọ̀ ìwọlé.

rcS lè rí báyìí:

```
#!/bin/sh
mount -t proc proc /proc
mount -t sysfs sysfs /sys
mountpoint -q /dev || mount -t devtmpfs devtmpfs /dev
mkdir -p /dev/pts
mount -t devpts devpts /dev/pts
mount -t tmpfs tmpfs /run
mount -t tmpfs tmpfs /tmp
mount /dev/mmcblk0p3 /data || echo "rcS: /data ko si" > /dev/kmsg
hostname -F /etc/hostname
ip link set lo up
ip link set eth0 up
udhcpc -i eth0 -b
```

Ẹ rí i pé /proc ni ó ṣáájú. Inú /proc/mounts ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ti lè rí ohun tí a ti so mọ́ra, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a lè fi sí ìparí. Ìlà /dev ní àyẹ̀wò níwájú nítorí pé a lè ti kọ kernel kí ó so devtmpfs fúnra rẹ̀. Ìlà /data ni ó ṣe pàtàkì jù lójú mi: bí partition náà (apá kan lára ibi ìpamọ́) bá bàjẹ́, bọ́ọ̀dù ṣì gbọdọ̀ gbéra, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó sì lo ìṣètò tí a bí i mọ́. Mi ò fẹ́ràn kí a fi set -e sí orí rcS rárá, nítorí ohun kékeré kan tí ó bá kùnà yóò gé gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e kúrò.

Ní ti udhcpc, lẹ́tà -b yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì sì ti já, udhcpc yóò máa béèrè àdírẹ́sì láìdáwọ́ dúró, rcS yóò sì so kọ́ síbẹ̀. Pẹ̀lú -b, bí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò bá so èso, yóò kó ìyókù iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ sì rántí pé udhcpc fúnra rẹ̀ kì í fi àdírẹ́sì sórí eth0: script kan ní /usr/share/udhcpc/default.script ni ń ṣe é. Bí script yẹn kò bá sí, tàbí tí a kò fún un ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́, ẹ óò rí i pé àdírẹ́sì ti dé lójú ìwé, síbẹ̀ eth0 kò ní ohunkóhun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ ni respawn. Iṣẹ́ tí init fúnra rẹ̀ bí ni ó ń ṣọ́. Bí prógíráàmù yín bá ní àṣà pé, ní kété tí a bá pè é, yóò bí ọmọ sí ẹ̀yìn, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì jáde, init yóò gbà pé ó ti kú, yóò pe òmíràn, àti òmíràn, títí mẹ́mọ́rì yóò fi kún. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi sábẹ́ respawn ní láti dúró níwájú. Nínú BusyBox, syslogd àti ntpd ní -n fún èyí, ohun èlò watchdog (fún títún bọ́ọ̀dù tàn bí ó bá so kọ́) sì ní -F. Ẹ wá irú rẹ̀ nínú prógíráàmù tiyín, bí kò bá sì sí, ẹ fi kún un.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí kì í tètè hàn. Ọmọ init ni rcS jẹ́, ọmọ init náà sì ni kaooru. Ohunkóhun tí ẹ bá fi export sọ nínú rcS yóò bá rcS lọ, kaooru kò ní rí i láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe script kékeré kan nínú inittab dípò prógíráàmù gan-an. Ohun tí ó wà nínú /usr/sbin/kaooru-bere nìyí:

```
#!/bin/sh
. /etc/kaooru.conf
if sh -n /data/kaooru.conf 2>/dev/null; then
    . /data/kaooru.conf
fi
export SERVER INTERVAL
sleep 2
exec /usr/bin/kaooru
```

Fáìlì inú /etc ni ìṣètò tí a bí bọ́ọ̀dù náà mọ́, tí yóò wà nínú root (níhìn-ín, ìpìlẹ̀ àkójọ fáìlì, /) tí a so fún kíkà nìkan. Èyí tí ó wà nínú /data ni oníbàárà lè yí padà, ó sì borí ti àkọ́kọ́ nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni a kà á. Nígbà tí ẹ bá gbé root tuntun wá, /data kò ní fara kàn án, ohun tí oníbàárà yàn yóò sì wà bí ó ṣe wà. Àyẹ̀wò sh -n wà níbẹ̀ nítorí pé àṣìṣe kan nínú ìkọ̀wé fáìlì tí a fi àmì ìdánudúró kà lè pa shell náà níbi tí ó dé. Kò lè dáàbò bò yín lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ àṣẹ búburú sínú fáìlì náà, torí pé bí a ṣe ń kà á ni a ń ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú agbára root. Bí ojú-ewé kan lórí nẹ́tíwọọ̀kì bá lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí prógíráàmù yín ka ìlà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Sleep wà kí ìkùnà lemọ́lemọ́ má baà gba gbogbo agbára bọ́ọ̀dù. Exec sì wà kí init lè máa ṣọ́ kaooru gan-an, láìjẹ́ pé shell kan dúró láàárín wọn.

Ní ti iná tí ń lọ lójijì, ẹ má ṣe kọ nǹkan tààrà sórí fáìlì ìṣètò. Bí àmì > bá ti kan fáìlì, ó ti di òfìfo kí ọ̀rọ̀ tuntun tó wọ inú rẹ̀, bí iná bá sì lọ ní àárín méjèèjì, òfìfo ni ẹ óò bá. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì pààrọ̀ orúkọ:

```
printf 'SERVER=%s\nINTERVAL=%s\n' "$s" "$i" > /data/kaooru.conf.new &&
sync &&
mv /data/kaooru.conf.new /data/kaooru.conf &&
sync
```

Bí fáìlì méjèèjì bá wà lórí partition kan náà, pípààrọ̀ orúkọ kò ní ìdajì: yálà ẹ rí ti àtijọ́ tàbí ẹ rí tuntun. Bí .new bá wà nínú /tmp, mv yóò di àdàkọ lásán, ààbò náà kò sì sí mọ́.

Bí ó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ sójú terminal máa ń sọ ibi tí ó ti ń dùn ún. "Permission denied" lórí rcS túmọ̀ sí pé ẹ kò ṣe chmod +x. "Not found", nígbà tí fáìlì náà sì wà níwájú yín, sábà máa ń jẹ́ pé orí Windows ni a ti kọ script náà, tí àmì ìparí ìlà rẹ̀ sì ti ba ìlà #!/bin/sh jẹ́; fún prógíráàmù tí a kọ pẹ̀lú C, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun tí ń kó àwọn library rẹ̀ wọlé ni kò sí nínú /lib. Bí kernel bá dárúkọ àṣìṣe -8 lórí init, ó lè jẹ́ pé irú CPU mìíràn ni a kọ ọ́ fún, tàbí pé ìlà àkọ́kọ́ script náà ni kò sí. Bí ó bá sọ pé "unable to open an initial console", ẹ wo bóyá /dev/console wà nínú root yín. Bí fífi ìwọ̀n ooru ránṣẹ́ bá sì kùnà nítorí ìwé-ẹ̀rí TLS (ààbò ìsopọ̀ orí nẹ́tíwọọ̀kì), ẹ tẹ date kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: bọ́ọ̀dù tí kò ní aago tí ń lo bátìrì sábà máa ń gbà pé oṣù kìíní ọdún 1970 ni a wà, ntpd lábẹ́ respawn sì ni yóò tún ìyẹn ṣe.

Ní ìparí, ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò pẹ̀lú ipá. Ẹ fi kill -9 pa kaooru, kí ẹ wò ó bóyá ó padà dé. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọọ̀kì, kí ẹ sì tan bọ́ọ̀dù. Ẹ pa fáìlì inú /data rẹ́. Ẹ fa iná yọ nígbà tí ó ń kọ ìṣètò tuntun. Bí ẹ bá yí inittab padà láàárín, kill -HUP 1 yóò jẹ́ kí init tún un kà láìsí pé ẹ pa bọ́ọ̀dù. Bí àyípadà kan bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín síta, ẹ fi init=/bin/sh sórí ìlà àṣẹ kernel láti inú bootloader (prógíráàmù tí ń gbé kernel dìde); shell nìkan ni yóò ṣí, láìka inittab tàbí rcS rárá. Ẹ tẹ mount -o remount,rw / bí root náà bá jẹ́ irú tí a lè kọ nǹkan sí, ẹ tún fáìlì náà ṣe, ẹ tẹ sync, kí ẹ sì tún bọ́ọ̀dù náà tàn.