Ẹ Bi Wá: Abúlé ọkọ ọmọ mi kò ní ìwé ilẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Làìbéríà ni ọkọ ọmọ mi ti wá, abúlé wọn wà ní Nimba. Ogun lé wọn dé Guinea, wọ́n sì padà láìní ìwé ilẹ̀ kankan. Abúlé wọn fẹ́ gba ìwé báyìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á? Ṣé ọmọ mi ní ìpín níbẹ̀? Ẹnì kan tún ń fi sàtífíkéètì tí ìjòyè fún un ta ilẹ̀ fún wọn. Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn, màmá. Àìsí ìwé kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Òfin tí Ààrẹ George Weah fọwọ́ sí lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ní ilẹ̀ tí ìlú ti ń lò láti ìran dé ìran, ti ìlú ni, ìbáà ní ìwé, ìbáà má ní.

Ìlú ni yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tí òun í ṣe: ṣé abúlé kan ni, àbí abúlé mélòó kan tó para pọ̀. Wọ́n á kọ òfin tí wọn yóò fi máa ṣàkóso ilẹ̀, wọ́n á sì yan ìgbìmọ̀ tí ọkùnrin, obìnrin àti ọ̀dọ́ ti dọ́gba níye. Ó wá ku ààlà, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Àwọn méjèèjì tó jọ pààlà ní láti jọ rìn ín: odò, òkè, ahoro, igi tí àwọn àgbà fi ṣàmì. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún àwọn baba nìkan. Ọdẹ mọ igbó, obìnrin mọ odò tí wọ́n ti ń pẹja, ogun sì ti pa ọ̀pọ̀ tó mọ àmì. Odò kan náà lè máa jẹ́ orúkọ méjì lọ́wọ́ ìlú méjì. Kí wọ́n kọ méjèèjì sílẹ̀. Ìgbà tí ohùn bá ṣọ̀kan, tí wọ́n sì buwọ́ lùwé lójú ẹlẹ́rìí, ni kí wọ́n tó fi GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí nǹkan wà gan-an, mú un. Bí ẹ̀rọ bá ṣáájú àdéhùn, àwòrán ilẹ̀ á dára lójú, ìjà á sì bẹ́.

Liberia Land Authority, àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí òfin 2016 dá sílẹ̀, ni yóò wá wọn ilẹ̀ náà kí ìwé tó jáde. Ìjọba lè ya apá kan sọ́tọ̀, kò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí wọ́n béèrè ibi tí yóò bọ́ sí kó tó di pé wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní ti sàtífíkéètì, ìyọ̀ǹda ìjòyè lásán ni, kì í ṣe ìwé ilẹ̀ tó pé. Ibi tí ẹni náà bá ti kọ́lé tàbí dáko sí lè di tirẹ̀ tí sàtífíkéètì náà bá yege. Igbó tó kù padà di ti ìlú. Kí wọ́n má sanwó igbó fún un.

Ọmọ yín ńkọ́? Òfin ka aya ọmọ ìlú mọ́ ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè Làìbéríà nìkan ló lè ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Bí kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè wọn, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mójú tó nìyẹn.